Bọ́ǹbù abẹ́ òkun: bí a ṣe ń wá a rí, bí a ṣe ń ṣọ́ ọ

Ẹ̀yin ará Wọ́tásáìdì, láti Àbígí dé Ìwòpin dé Màkún-Omi títí lọ kan Òde-Omi níbi tí òkun ti ń lu ilẹ̀ gan-an, ẹ kú iṣẹ́ omi o. Ẹ̀yin ọmọ skúùlù tẹ́ ẹ wà ní Àgọ́-Ìwòyè náà, tẹ́ ẹ ń wá nǹkan tẹ́ ẹ máa fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, ẹ súnmọ́bí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bọ́ǹbù, ọta àgbá àti májèlé ogun tí wọ́n dà sínú òkun ni mo fẹ́ ká sọ, béèyàn ṣe ń wá ibi tó wà, béèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti ń jò, àti ohun tá a lè ṣe sí i kó má bàa pa ẹja, kó má bàa pa apẹja.

Irin kan ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọ̀n àbúrò bàbá mi ló gbé e, irin gígùn róbótó, ìpẹtà ti bò ó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ẹja, wọ́n gbé e wálé, àwọn ọmọdé ń fi òkúta gbá a kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún, nígbà tó fi máa dọjọ́ kejì wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Sìlíńdà gáàsì àtijọ́ ló padà jẹ́. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn, torí nínú gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀, àtọmọdé àtàgbà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ká ṣe, èmi tí wọ́n ní mo kàwé gan-an ò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí lórí ẹ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí ná. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí lọ́dún 1945, ohun ìjà tó ṣẹ́kù pọ̀ débi pé àwọn tó borí ò mọ ibi tí wọ́n máa kó o sí, òkun ló wá rọrùn lójú wọn. Nínú omi Jámánì nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.6 tọ́ọ̀nù ló wà níbẹ̀ dòní. Nínú òkun Baltic, ó kéré tán 40,000 tọ́ọ̀nù ohun ìjà onímájèlé ni wọ́n dà síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà nítòsí erékùṣù Bornholm ti Denmark. Kòtò jíjìn kan wà láàárín Scotland àti Northern Ireland tó ń jẹ́ Beaufort's Dyke, ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù làwọn Gẹ̀ẹ́sì dà síbẹ̀. Amẹ́ríkà náà ṣe é títí dé 1970, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ tó ti gbó, wọ́n á dá ihò sí ọkọ̀ náà lára, á sì rì tòun tẹrù. Ọdún 1972 ni àdéhùn Lọ́ńdọ̀nù wá de ìdàkudà sínú òkun, Nàìjíríà náà sì wà nínú àdéhùn yẹn. Àmọ́ òfin tó ní kẹ́ni má dà á mọ́ ò kó èyí tó ti wà níbẹ̀ kúrò. Kódà àdéhùn àgbáyé tó de ohun ìjà onímájèlé ò fi dandan mú ìjọba kankan láti jẹ́wọ́ èyí tó bá ti dà sókun kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1985. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa lọ wá a.

Iṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ lójú omi. Orí ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má kánjú fo ibẹ̀ torí pé ọkọ̀ àti sónà, ẹ̀rọ tó ń fi ariwo wo ìsàlẹ̀ omi, ló ń dùn ún wò nínú fọ́tò. Ohun tẹ́ ẹ ń wá nínú ìwé ni: kí ni wọ́n dà, ó tó mélòó, ọkọ̀ wo ló gbé e, èbúté wo ló ti gbéra, ọjọ́ wo, kí ni wọ́n fi dì í, ṣé inú àpótí onípákó ni àbí ìhòòhò ló wà. Ẹ kọ́kọ́ wo máàpù ojú òkun táwọn awakọ̀ ń lò, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n da ohun abúgbàù sí ni wọ́n máa ń sàmì sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá ìwé ìrìn-àjò àwọn ọkọ̀ ológun àti ìwé àwọn ọ̀gá èbúté, púpọ̀ nínú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà ní National Archives tó wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wo kátálọ́ọ̀gì ẹ̀. Nílé níbí, ẹ wọ mọ́tò lọ sí National Archives nínú Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ìwé Ìjẹ̀bú Province ti ayé òyìnbó wà níbẹ̀, Ije Prof ni wọ́n kọ sára fáìlì wọn, ẹ béèrè fún ti ọdún 1939 sí 1946, kẹ́ ẹ wá gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ etíkun, ọkọ̀ tó rì, ẹrù tí omi gbé wá sébùúté. Iṣẹ́ eruku ni o, ẹ mú súùrù àti ìbòmú dání.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ibi tí ìwé ní wọ́n dà á sí, ẹ má tíì yọ̀, torí ibẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń wà. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà nìyí, òun náà ló sì wúlò jù. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ dà á nù, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó sì ń rẹ̀ wọ́n, òkun ń ru, wọ́n fẹ́ padà sílé, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láti ojú ọ̀nà. Ní Bornholm bó ṣe rí nìyẹn, àwọn tó wà nínú àpótí pákó gan-an léfòó, omi gbé e dé etíkun Sweden. Ti Beaufort's Dyke náà ò yàtọ̀, lọ́dún 1995 nígbà tí wọ́n ń ri páìpù gáàsì mọ́ ìsàlẹ̀ omi nítòsí ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ìjà oní-fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó máa ń gbiná fúnra ẹ̀ tó bá ti gbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í sú wá sí etíkun Scotland níbi táwọn ọmọdé ti ń ṣeré, ó sì jó ọmọ kékeré kan. Nítorí náà, ẹ má fa róbótó kan sórí máàpù kẹ́ ẹ ní ibẹ̀ ni. Ẹ fa ìlà láti èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra títí dé ibi tí ìwé pè, kẹ́ ẹ wá gbogbo ojú ìlà yẹn, tọ̀tún tòsì ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ronú bí ẹni tó fẹ́ da ẹrù nù ṣe máa ń ronú: ibi tó jìn nísàlẹ̀ àmọ́ tó sún mọ́ ilé ló máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú Beaufort's Dyke. Lápá tiwa, ibi tó rí bẹ́ẹ̀ ni kòtò Avon Canyon tó wà lójú òkun Lẹ́kí, ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí fún etíkun wa, kó fi sí ara ibi tó máa kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn ìwé, ẹnu apẹja ló kàn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé ẹnu apẹja kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Baltic ká ti ń kọ ohun táwọ̀n apẹja bá gbé sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ara ohun tí wọ́n fi mọ ibi tí ohun ìjà tú ká dé nìyẹn. Àmọ́ béèrè ẹ dáadáa. Má dé Òde-Omi kó o tẹnu bọ̀ ọ́ pé ṣé ẹ ti rí bọ́ǹbù rí, wọ́n á ní rárá, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Lọ nígbà tí wọ́n bá ti fa ọkọ̀ sókè, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, kí wọn dáadáa, bá wọn jókòó, wá béèrè pé bàbá, níbo làwọ̀n yín ti sábà máa ń ya? Irin wo ló ti bá a wọlé rí? Ibo lẹ kì í fẹ́ já àwọ̀n sí, kí ló dé? Bá àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn tó ń pa ẹja pẹ̀lú wọn sọ̀rọ̀, kó o sì má gbàgbé àwọn ìyá tó ń ra ẹja létí omi tí wọ́n ń yan án, torí àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ kan ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ló máa mọ̀ tí ẹja bá ní egbò tí wọn ò rí rí, tàbí tó ń rùn bí aáyù láìsí aáyù nítòsí. Òórùn aáyù yẹn ṣe pàtàkì, bí mọ́sítáàdì, májèlé ogun tó máa ń bó èèyàn lára, ṣe máa ń rùn nìyẹn.

Ibi tí wọ́n bá pè lórúkọ, kọ orúkọ tí wọ́n pè é gan-an sílẹ̀, kó o tó wá fi GPS orí fóònù ẹ mú un tó o bá bá wọn dé ibẹ̀. Tí ẹni mẹ́ta tí kò jókòó pọ̀ bá pe ibì kan náà, fi pupa sàmì sí i. Ohun kan tún wà: kò sí apẹja tó máa fẹ́ fi ibi tó ti ń rí ẹja han gbogbo ayé, bó o bá kọ ọ́ gbọọrọ sínú rìpọ́ọ̀tù tí tírọ́là ńlá ńlá sì kà á, o ti ba oúnjẹ jẹ́ lẹ́nu wọn. Ibi tó ní ewu ni kó o kọ geere, ibi ẹja wọn fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìgbà tí ìwé àti ẹnu bá ti pàdé lórí máàpù, ìgbà yẹn lọkọ̀ ń lọ. Néfì gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, mi ò ní bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ọmọ skúùlù nìkan kọ́, NIOMR, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí òkun, tó wà ní Victoria Island, ní àwọn onímọ̀ òkun, ẹ bá wọn da ọwọ́ pọ̀. Sónà ló ń ṣíwájú: á pariwo sísàlẹ̀ omi, á sì fi gbohùngbohùn tó bá padà wá ya àwòrán ilẹ̀. Ibi tí sónà bá ti rí nǹkan tó dúró gedegbe, mágínẹ́tómítà á wá sọ bóyá irin ni. Lẹ́yìn ẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi tó gbé kámẹ́rà dání á wá lọ wò ó lójú. Èyí tó gbòòrò ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, èyí tó rí wínníwínní ló ń kẹ́yìn, torí owó rọ́bọ́ọ̀tì pọ̀ ju kéèyàn máa fi í ṣe káàkiri lọ. Ìsàlẹ̀ òkun tiwa sì kún fún irin tí kì í ṣe bọ́ǹbù, ìdákọ̀ró, dúrọ́ọ̀mù, àfọ́kù ọkọ̀, páìpù, ọkàn yín á já lọ́pọ̀ ìgbà lásán. Èyí tó burú ju ìyẹn ni pé mágínẹ́tómítà kì í rí ohun tí kì í ṣe irin: bọ́ǹbù omi LMB táwọn Jámánì ṣe, àlùmíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe ara ẹ̀. Tí mágínẹ́tómítà bá dákẹ́, ẹ má torí ìyẹn sọ pé kò síǹkan.

Ó wá kan bóyá ó ń jò. Ẹ bu ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ bu òmíràn níbi tó jìn díẹ̀, ẹ bu òmíràn sí ọ̀nà tí omi ń ṣàn lọ, kẹ́ ẹ sì bu láti ibi mímọ́ kan tí ẹrẹ̀ ẹ̀ jọ tibí, torí láìsí èyí tẹ́ ẹ máa fi wé e, iye tí láàbù bá gbé jáde ò wí nǹkan kan. Èyí ṣe kókó tó bá jẹ́ àsẹ́níìkì lẹ ń wá, torí inú àwọn májèlé ogun kan ni àsẹ́níìkì wà lóòótọ́, àmọ́ ó wà nínú ẹrẹ̀ lásán náà láti ọwọ́ Ọlọ́run. Tó bá jẹ́ TNT, ìyẹn ẹ̀tù tó ń bú nínú bọ́ǹbù, ẹ sọ fún láàbù kí wọ́n wá ohun tó máa ń yí padà dà, kì í ṣe TNT nìkan, torí ara ẹ̀dá oníyè tètè máa ń yí i padà. Ní Kolberger Heide nítòsí Kiel ní Jámánì, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó mussel, ìbátan ìṣáwùrú wa, sínú àwọ̀n kékeré, wọ́n so wọ́n rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bọ́ǹbù náà fún oṣù mélòó kan, wọ́n bá ohun tí TNT yí padà sí nínú ẹran ara wọn. Wọ́n tún yẹ ẹja pẹlẹbẹ kan tó ń gbé nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀ wò, ìdá mẹ́rin wọn, ìdá kan ló ní kókó nínú ẹ̀dọ̀, níbi mímọ́ kò tó ẹyọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kà á, mo rántí àbọ̀ tí ìyá mi máa ń dín. Tá a bá máa ṣe tiwa, àbọ̀, akàn àti ìṣáwùrú lẹ máa mú, àwọn tó ń gbé ilẹ̀, kì í ṣe ẹja tó ń ráre kiri tó lè ti ibòmíì wá.

Ẹ má sì daakọ ìwé àwọn òyìnbó lódindi o. Òkun wọn tutù. Mọ́sítáàdì máa ń dì tí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 14°C lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà ní ìsàlẹ̀ Baltic bí òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún, òde ẹ̀ á le bí ògì tó fi awọ bojú, inú á ṣì rọ̀, ó sì ṣì lè bó èèyàn lára. Nínú omi tiwa tí kò jìn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní dì, á máa ṣàn ni, ìpẹtà sì máa ń yára jẹ irin nínú omi gbígbóná tí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀. Kòtò jíjìn lọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ẹ wọn bí omi ṣe gbóná tó ní ìsàlẹ̀ gan-an, níbi tí nǹkan ọ̀hún wà, kẹ́ ẹ tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ní gbogbo ìyẹn, ẹ to ewu wọn tẹ̀ léra. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń fi ṣe é: kí ló wà nínú ẹ̀, báwo ni ara irin ẹ̀ ṣe jẹ tó, ta ló ń kọjá níbẹ̀? Fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5, sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn. Wàá rí i pé bọ́ǹbù ńlá tó wà níbi jíjìn tí àwọ̀n ò dé lè gba máàkì tó kéré sí ọta kékeré kan tó wà níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wa yanrìn, ri páìpù tàbí gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ lápá òkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí sí Òde-Omi, kí wọ́n kọ́kọ́ fi sónà àti mágínẹ́tómítà wo ilẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè fún rìpọ́ọ̀tù ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe ìpàdé àwọn ará ìlú.

Ohun téèyàn lè ṣe sí i ò ju mẹ́ta lọ. Ó lè fi í sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ: ní Belgium, nítòsí Knokke-Heist, 35,000 tọ́ọ̀nù ohun ìjà Ogun Àgbáyé Kìíní wà ní Paardenmarkt, ẹrẹ̀ ti bò ó, wọ́n pinnu pé àwọn ò ní tú u, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má ju ìdákọ̀ró tàbí àwọ̀n síbẹ̀, wọ́n sì ń lọ yẹ omi ẹ̀ wò déédéé. Ó lè kó o jáde: Jámánì yọ 100 mílíọ̀nù Euro sílẹ̀ fún un, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bọ́ọ̀tì ní Lübeck Bay lọ́dún 2024. Tàbí kó bú u síbẹ̀, èyí tí mi ò fẹ́ràn rárá àfi tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 2019 wọ́n bú bọ́ǹbù omi 42 ní Fehmarn Belt, lẹ́yìn ẹ̀ ni òkú ẹran omi porpoise bẹ̀rẹ̀ sí í sú wá sí etíkun. Ìbúgbàù ò jó gbogbo májèlé ẹ̀ tán náà, ṣe ló máa ń fọ́n èyí tó ṣẹ́kù kiri. Tó bá di dandan, kí wọ́n fi ìfòfóò afẹ́fẹ́ yí i ká kí ariwo ẹ̀ lè dínkù.

Ẹ̀yin apẹja wá, èyí tó kù yìí tiyín ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á sétí àwọn tí kò lè kà. Tí àwọ̀n bá gbé irin tó rí bí ìgò, bí ẹyin ńlá tàbí bí páìpù, ẹ má fà á wọnú ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin 2005, bọ́ǹbù ayé ogun kan bú nínú ọkọ̀ àwọn apẹja Netherlands lójú òkun North Sea, àwọn mẹ́ta ló kú. Ẹ gé àwọ̀n, ẹ jẹ́ kó lọ, mo mọ̀ pé owó ni àwọ̀n. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ wà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tó bá ti wọnú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ má gbá a, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ lè rí orúkọ ara ẹ̀, ẹ pa sìgá, ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ pe 112, Néfì tàbí Marine Police.

Tí nǹkan tó dà bí ọ̀rá tàbí ìṣù amọ̀ aláwọ̀ ìyeyè bá kan ara yín, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má tijú, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara, ẹ fi omi nìkan ṣan ojú, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ní Bari ní Ítálì, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá 1943, ọkọ̀ kan tó gbé 2,000 bọ́ǹbù mọ́sítáàdì rì nínú èbúté, àwọn tí wọ́n yọ nínú omi jókòó nínú aṣọ tútù wọn ní ọsibítù torí kò sẹ́ni tó sọ fún dókítà ohun tó wà nínú ọkọ̀, ó lé ní 600 tí májèlé ọ̀hún pa lára, ó lé ní 80 tó kú nínú wọn. Kì í dunni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè tó wákàtí mélòó kan kó tó lé ròrò, torí náà ẹ lọ rí dókítà bí ara ò tiẹ̀ ro yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé àwọ̀n ló gbé e. Ẹja tó wà nínú àwọ̀n ọjọ́ náà, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré létíkun pé òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú tó dà bí oje kaṣú gbígbẹ, kí wọ́n má kì í bàpò. Lórí erékùṣù Usedom ní Jámánì, àwọn èèyàn ti mú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ pé òkúta olówó iyebíye ni, nígbà tó gbẹ nínú àpò wọn, ó gbiná fúnra ẹ̀. Àti irin kóńdẹ́ẹ̀mù yẹn, bó ti wù kí owó ẹ̀ tó, ẹ má tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin rọ ìkòkò, iná wọn ló máa bú u.

Ìwé tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún NIOMR, ọ̀kan fún Néfì, ẹ̀kẹta ní Yorùbá fún ẹgbẹ́ apẹja, kẹ́ ẹ kà á sí wọn létí ní Màkún-Omi lọ́jọ́ ìpàdé wọn, kí wọ́n fúnra wọn tún ibi tẹ́ ẹ bá ti ṣì í kọ ṣe. Lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà, ẹ padà lọ bu ẹrẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti bù ú tẹ́lẹ̀ gan-an.